Kí jàgùdà tó já fóònù yín gbà, àti wákàtí àkọ́kọ́ lẹ́yìn tó bá ti já a gbà

Tí wọ́n bá já fóònù gbà lọ́wọ́ èèyàn lójú fèrèsé dánfó ní Oshodi, nínú sún-kẹrẹ-fà-kẹrẹ ìrọ̀lẹ́, ohun tó máa ń kọ́kọ́ wá síi lọ́kàn ni owó tó fi ra fóònù yẹn. Ó yé mi, fóònù ti wọ́n jù lásìkò yìí. Àmọ́ ẹ bi àwọn tó ti ṣẹlẹ̀ sí, ọ̀pọ̀ nínú wọn á sọ fún yín pé owó fóònù kọ́ ló pa àwọn lẹ́kún, ohun tó tẹ̀ lé e ni: owó tó kúrò nínú àkáǹtì, gbèsè tí wọn ò mọ̀dí ẹ̀ tí wọ́n fi orúkọ wọn jẹ, àtàwọn ọ̀rẹ́ tó ti fowó ránṣẹ́ nítorí "èmi náà ni o, ẹ jọ̀ọ́ ẹ yá mi ní 50k, mo máa dá a padà lọ́la" tí wọ́n rí lórí WhatsApp.

Sím ni wọ́n ń wá. Fóònù tó ti lọ́ọ̀kì, wọ́n á tú u tà ní ẹ̀yà-ẹ̀yà ni. Àmọ́ sím tí kò ní pín, wọ́n á yọ ọ́, wọ́n á kì í bọ inú fóònù tọ́ọ̀ṣì kékeré kan, wọ́n á fi pe nọ́ńbà ara wọn kí wọ́n lè mọ nọ́ńbà yín, iṣẹ́ ti bẹ̀rẹ̀ nìyẹn. Tí wọ́n bá tẹ *565*0#, BVN yín jáde. Tí wọ́n bá tẹ *346#, wọ́n á rí NIN yín náà, torí pé láti December 2020 tí ìjọba ti ní kí gbogbo láìnì so mọ́ NIN, láìnì yín àti orúkọ yín ò yàtọ̀ síra mọ́. (Ẹ má bẹ̀rù pé mò ń kọ́ olè níṣẹ́ o, wọ́n ti mọ̀ ọ́n tipẹ́ ju èmi àti ẹ̀yin lọ.) BVN nìkan ò lè kó owó kúrò ní báǹkì, ẹ má jẹ́ kẹ́nikẹ́ni fìyẹn já yín láyà. Àmọ́ ẹni tó mọ BVN yín, tó mọ NIN yín, tó tún jẹ́ pé ọwọ́ ẹ̀ ni OTP (kóòdù ẹ̀ẹ̀kan tí báǹkì máa ń fi ránṣẹ́) ń wọlé sí, tó bá lọ sórí àápù báǹkì tó tẹ "forgot password", ta ni báǹkì máa rò pé ó wà níwájú àwọn? OPay gan-an, nọ́ńbà fóònù yín láìsí òdo iwájú ni nọ́ńbà àkáǹtì tí wọ́n máa ń fún èèyàn, kò tiẹ̀ nílò kó máa wá a kiri.

Ìdí nìyẹn tí mo fi máa ń sọ fáwọn èèyàn pé kí wọ́n fi antivirus sílẹ̀ ná, kí wọ́n fi VPN sílẹ̀ ná, ẹ lọ ti sím.

Pín orí sím

Ohun tó máa dá nǹkan tí mo sọ lókè yìí dúró ti wà lórí fóònù wa látayé Nokia, a kàn kì í lò ó ni. SIM PIN ni wọ́n ń pè é. Ó yàtọ̀ sí pín tẹ́ ẹ fi ń ṣí fóònù o. Pín fóònù, fóònù nìkan ló ń tì. SIM PIN, sím gan-gan ló ń tì, tó fi jẹ́ pé fóònù yòówù tí wọ́n bá kì í bọ̀, ó máa bèèrè pín kó tó gba nẹ́tíwọọ̀kì, tí wọn ò bá sì mọ̀ ọ́n, kò sí ìpè, kò sí OTP, kò sí *565*0# kankan.

Lórí Android, ẹ wọ Settings, ẹ tẹ "SIM lock" síbi search tó wà lókè. Search yẹn ni kẹ́ ẹ máa lò fún gbogbo ohun tí mo bá dárúkọ nínú nǹkan tí mò ń kọ yìí, torí Tecno, Infinix, Samsung, Redmi, kálukú ló ń gbé nǹkan síbi tó wù ú, tí mo bá ní kí n máa júwe ọ̀nà ilé kọ̀ọ̀kan a ò ní sùn. Lórí iPhone, Settings, lẹ́yìn náà Cellular tàbí Mobile Service, ẹ mú láìnì yín, SIM PIN wà nísàlẹ̀.

Tẹ́ ẹ bá ti tàn án, ó máa ní kẹ́ ẹ tẹ pín tó wà lórí sím tẹ́lẹ̀, ìyẹn èyí tí nẹ́tíwọọ̀kì fi sí i kẹ́ ẹ tó rà á. Ibí yìí làwọn èèyàn ti máa ń kó sí wàhálà. Ẹ má méfò! Tẹ́ ẹ bá tẹ̀ ẹ́ tó ṣì lẹ́ẹ̀mẹta, sím máa ti ara ẹ̀ pa, ó máa bèèrè PUK, ìyẹn kóòdù tí wọ́n fi ń ṣí sím tó ti ti ara ẹ̀ pa, tẹ́ ẹ bá sì tún tẹ PUK tó ṣì lẹ́ẹ̀mẹwàá, sím yẹn ti kú nìyẹn, ẹ máa lọ gba òmíràn. Ẹ wo ara káàdì tí wọ́n kán sím yẹn kúrò lára ẹ̀, ó máa ń wà níbẹ̀, tẹ́ ẹ bá ti sọ káàdì nù (ta ni kì í sọ ọ́ nù?) ẹ pe 300, ẹ bi wọ́n. 300 ni nọ́ńbà kọ́sítọ́mà kia gbogbo nẹ́tíwọọ̀kì báyìí, NCC, àjọ ìjọba tó ń bójú tó àwọn nẹ́tíwọọ̀kì, ló sọ wọ́n di ọ̀kan náà ní 2023, kí èèyàn má bàa máa há ti MTN lọ́tọ̀, ti Glo lọ́tọ̀. Ẹ bèèrè PUK náà lọ́wọ́ wọn lójú ẹsẹ̀ kẹ́ ẹ kọ ọ́ sílẹ̀.

Lẹ́yìn tẹ́ ẹ bá ti tàn án, ẹ yí pín yẹn padà o, ẹ má fi èyí tí nẹ́tíwọọ̀kì fún yín sílẹ̀, torí gbogbo sím tí wọ́n ń tà ló máa ń ní irú ẹ̀, olè náà mọ̀ ọ́n. Tó bá jẹ́ sím méjì lẹ ní, ẹ ṣe é fún méjèèjì. Ìnira tó wà ńbẹ̀ kò ju pé nígbàkígbà tẹ́ ẹ bá pa fóònù tẹ́ ẹ tún tàn án, ẹ máa tẹ pín méjì, ti sím àti ti fóònù. Tí iná bá tán lórí fóònù yín lóru tó sì tan ara ẹ̀ lẹ́yìn tẹ́ ẹ kì í sí cháájì, ìpè ò ní wọlé títí ẹ máa fi jí. Mo rò pé èèyàn lè fara da ìyẹn.

Àwọn tí fóònù wọn ń gba eSIM (sím tó ti wà nínú fóònù gan-an, tí kì í ṣe káàdì), tí wọ́n sì wà lórí MTN tàbí Airtel, ẹ lè lọ sọ láìnì yín di eSIM, kò sí nǹkan tí wọ́n máa yọ níbẹ̀. Àmọ́ ẹ ṣì fi pín sí i.

Ohun tó ń hàn lórí fóònù tó ti lọ́ọ̀kì

Èyí ò pẹ́ rárá àmọ́ ó ṣe pàtàkì. Tí OTP bá wọlé, tí fóònù yín ti lọ́ọ̀kì, ṣé ẹ ṣì ń rí nọ́ńbà mẹ́fà yẹn lórí screen? Tó bá jẹ́ bẹ́ẹ̀, ilẹ̀kùn iwájú lẹ tì, ẹ fi kọ́kọ́rọ́ há ojú fèrèsé. Lórí Android, ẹ wá "lock screen notifications", ẹ ní kó fi ohun tó jẹ́ àṣírí pamọ́ (hide sensitive content). Lórí iPhone, Settings, Notifications, Show Previews, ẹ mú When Unlocked. Ẹni tó ní iPhone tún gbọ́dọ̀ wọ Face ID & Passcode, kó wá Allow Access When Locked, kó pa Control Centre níbẹ̀, torí ohun àkọ́kọ́ tí olè máa ṣe ni pé á fa Control Centre wálẹ̀, á tẹ àmì ọkọ̀ òfúrufú (airplane mode), fóònù yín ti kúrò lórí íntánẹ́ẹ̀tì kẹ́ ẹ tó rí ẹni yá yín ní fóònù.

Jẹ́ kí fóònù ti ara ẹ̀

Láti 2024 ni Google ti fi nǹkan kan sórí Android 10 sókè tó dáa gan-an, mi ò mọ ìdí tí wọn ò fi pariwo ẹ̀ dáadáa fáwa tá a nílò ẹ̀ jù. Ẹ tẹ "theft" síbi search inú Settings. Ẹ máa rí Theft Detection Lock: tí fóònù bá fura pé wọ́n já òun gbà lójijì tẹ́ni náà sì ń sáré tàbí ó ti gun ọ̀kadà, ó máa ti ara ẹ̀ pa. Ẹ máa rí Offline Device Lock, ìyẹn máa tì í tí wọ́n bá yọ íntánẹ́ẹ̀tì kúrò lórí ẹ̀. Èyí tí mo fẹ́ràn jù ni Remote Lock, torí pé ẹ lè ya fóònù ẹnikẹ́ni, ẹ lọ sí android.com/lock, ẹ tẹ nọ́ńbà yín, fóònù yín á tì pa, kò nílò kẹ́ ẹ rántí páásíwọ́ọ̀dù kankan lásìkò tí ọwọ́ yín ń gbọ̀n. Àmọ́ tẹ́ ò bá tíì tàn án ṣáájú, kò ní ṣiṣẹ́ lọ́jọ́ yẹn. Àwọn fóònù kékeré tó ń lo Android Go lè má ní in, tẹ́ ò bá rí i ẹ má wulẹ̀ dààmú ara yín.

Ti iPhone ni Stolen Device Protection, ó wà láti iOS 17.3, inú Face ID & Passcode náà ló wà. Ìwúlò ẹ̀ ni pé àwọn olè kan kì í kàn já fóònù gbà, wọ́n á ti kọ́kọ́ jókòó sẹ́yìn yín nínú mọ́tò tàbí ní bíà pálọ̀ wọ́n á máa wo ìka yín bẹ́ ẹ ṣe ń tẹ pín. Ẹni tó bá ti mọ pín iPhone láyé àtijọ́ lè yí páásíwọ́ọ̀dù Apple yín padà kó sì lé yín jáde pátápátá. Tẹ́ ẹ bá tan nǹkan yìí, tí fóònù ò bá sí nílé yín tàbí níbi iṣẹ́, ojú yín ló máa bèèrè, ó máa ní kí ẹni náà dúró fún wákàtí kan, ó máa tún bèèrè ojú yín lẹ́ẹ̀kan sí i. Pín nìkan ò tó mọ́.

Ẹ̀yin tí pín yín jẹ́ ọdún tí wọ́n bí yín tàbí 1234, mo rí yín o.

WhatsApp

Settings, Account, Two-step verification. Ó máa ní kẹ́ ẹ mú pín oní-nọ́ńbà mẹ́fà, ẹ mú èyí tí kì í ṣe ti ATM, ẹ sì fi email yín sí i kẹ́ ẹ má bàa há síta tẹ́ ẹ bá gbàgbé. Ìtumọ̀ ẹ̀ ni pé bí ẹnì kan bá tiẹ̀ ní sím yín lọ́wọ́ tí SMS WhatsApp sì wọlé fún un, pín yìí ṣì máa dá a dúró. Èyí náà ló ń gba èèyàn lọ́wọ́ àwọn ọmọ Yáhòó tó máa ń pè pé àwọn ń fi yín sí gúrúùpù ìpàdé ọmọ ilé ìwé, "ẹ bá wa ka kóòdù tó ṣẹ̀ṣẹ̀ wọlé sórí fóònù yín." Ẹ̀gbọ́n, ìyá, bàbá yín tó wà nílé, ẹ bá wọn ṣe ti wọn tẹ́ ẹ bá ti délé, kò gbà ju ìṣẹ́jú méjì lọ, àwọn gan-an ni wọ́n ń fojú sùn.

Ẹ tún wo Linked devices. Kọ̀ǹpútà tẹ́ ẹ fi ṣí WhatsApp ní káfè tàbí ní ọ́fíìsì àtijọ́ lè ṣì wà níbẹ̀. Ẹ yọ gbogbo èyí tẹ́ ò mọ̀.

Gálárì

Fọ́tò NIN slip, fọ́tò ATM iwájú àti ẹ̀yìn, fọ́tò páásípọ́ọ̀tù, screenshot páásíwọ́ọ̀dù, pín tẹ́ ẹ fi ránṣẹ́ sí ara yín lórí WhatsApp kẹ́ ẹ má bàa gbàgbé. Ẹ pa á rẹ́, ẹ sì lọ síbi Trash tàbí Recently Deleted kẹ́ ẹ tún pa á rẹ́ níbẹ̀, torí ó ṣì máa ń wà níbẹ̀ fún bí oṣù kan.

Bébà kan ṣoṣo

Mo mọ̀ pé á dà bíi nǹkan àtijọ́ létí yín, àmọ́ bébà ló máa gbà yín lọ́jọ́ náà. Ẹ tẹ *#06#, IMEI, ìyẹn nọ́ńbà ìdánimọ̀ fóònù yín, máa jáde, nọ́ńbà mẹ́ẹ̀ẹ́dógún ni, ẹ kọ ọ́. Ẹ kọ nọ́ńbà kọ́sítọ́mà kia báǹkì yín, àti kóòdù tí báǹkì yín fi ń dá àkáǹtì dúró láti orí fóònù ẹlòmíràn. Kóòdù yìí, báǹkì kọ̀ọ̀kan ló ní tiẹ̀, orí wẹ́ẹ̀bù báǹkì tàbí inú báǹkì gan-an ni kẹ́ ẹ ti gbà á, kì í ṣe láti inú bróódkáàsì WhatsApp tí wọ́n ti ń fi ránṣẹ́ síra wọn láti ọdún gbọọrọ, òmíràn níbẹ̀ kì í ṣiṣẹ́ mọ́. Ẹ kọ nọ́ńbà gígùn tí nẹ́tíwọọ̀kì yín náà ní, torí tẹ́ ẹ bá wà lórí Airtel tẹ́ ẹ wá ya fóònù ẹni tó ń lo MTN, 300 tẹ́ ẹ bá pè, ọ̀dọ̀ MTN ló máa gbé yín lọ.

Èyí tó kẹ́yìn lórí bébà ni backup codes Google, èyí tọ́pọ̀ èèyàn ò mọ̀. Ẹ wò ó báyìí: wọ́n ti jí fóònù yín, ẹ ya ti ọ̀rẹ́ yín, ẹ fẹ́ wọ Gmail yín kẹ́ ẹ lè nu fóònù náà, Google ní "a ti fi ìbéèrè ránṣẹ́ sórí fóònù rẹ, tẹ Yes". Fóònù wo? Èyí tó wà lọ́wọ́ olè! Torí náà, ẹ lọ sí myaccount.google.com, Security, 2-Step Verification, Backup codes, wọ́n máa fún yín ní mẹ́wàá, ẹyọ kan lèèyàn máa ń lò lẹ́ẹ̀kan. Ti Apple ò le tó bẹ́ẹ̀, icloud.com/find máa jẹ́ kẹ́ ẹ wọlé pẹ̀lú páásíwọ́ọ̀dù nìkan láìbèèrè kóòdù, wọ́n mọ̀ pé fóònù ló sọnù.

Ẹ fi bébà yìí sílé, ẹ fún ẹnì kan tẹ́ ẹ fọkàn tán ní ẹ̀dà kan. Ẹ má fi sínú pọ́ọ̀sì tó jẹ́ pé inú báàgì kan náà pẹ̀lú fóònù ló ń gbé.

Ó ti ṣẹlẹ̀ báyìí

Ẹ má sáré tẹ̀ lé e. Ẹ ya fóònù, ẹ sì bi ara yín ní ìbéèrè kan: nígbà tó já a gbà, ṣé fóònù ti lọ́ọ̀kì àbí ó ṣí sílẹ̀?

Tó bá ṣí sílẹ̀, bóyá ẹ ń fi í pe èèyàn tàbí ẹ ń wo fídíò, fóònù náà ni kẹ́ ẹ kọ́kọ́ tì: android.com/lock tàbí icloud.com/find (Mark As Lost), lẹ́yìn náà báǹkì, lẹ́yìn náà nẹ́tíwọọ̀kì. Tó bá ti lọ́ọ̀kì tẹ́lẹ̀, ó ṣeé ṣe kó jẹ́ sím ni wọ́n ti ń yọ, torí náà nẹ́tíwọọ̀kì ni kẹ́ ẹ kọ́kọ́ pè, "ẹ bá mi ti láìnì yìí pa, wọ́n jí i", wọ́n máa bi yín ní orúkọ yín, ọjọ́ ìbí yín, NIN yín tàbí àwọn nọ́ńbà tẹ́ ẹ máa ń pè jù, báǹkì ló kàn. Tẹ́ ẹ bá ti fi SIM PIN sí i, ẹ ní àyè díẹ̀ láti mí.

Àwọn kan máa ń sọ pé tí èèyàn bá ti láìnì pa, kò ní rí ibi tí fóònù wà mọ́ lórí màápù torí dátà ti kúrò lórí ẹ̀. Òótọ́ ni. Kó lọ. Fóònù tó ti dé ọwọ́ àwọn èèyàn yìí kì í sábà padà, bẹ́ ẹ bá sì rí àmì ẹ̀ lórí màápù pé ó wà ní àdúgbò báyìí-báyìí, ẹ̀yin àti àbúrò yín kọ́ ló máa lọ kan ilẹ̀kùn ibẹ̀. Àmì yẹn, ọlọ́pàá ni kẹ́ ẹ fún.

Ní báǹkì, ẹ ní kí wọ́n dá USSD (kóòdù oní-ìràwọ̀ tẹ́ ẹ fi ń fowó ránṣẹ́ láìlo íntánẹ́ẹ̀tì), àápù àti káàdì dúró, gbogbo báǹkì tẹ́ ẹ ní o, títí kan èyí tẹ́ ẹ fi ń gba ₦2,000 lọ́wọ́ ọmọ ìjọ. Ẹ gba nọ́ńbà ẹ̀sùn lọ́wọ́ ẹni tó dá yín lóhùn, ẹ kọ àkókò tẹ́ ẹ pè sílẹ̀ títí dé ìṣẹ́jú. Ẹ má rò pé ìyẹn ti pọ̀ jù, torí tí owó bá jáde lẹ́yìn àkókò tẹ́ ẹ pè, àkókò yẹn ni ẹ̀rí yín.

Ẹ fi email ránṣẹ́ sí support@whatsapp.com, ẹ kọ "Lost/Stolen: Please deactivate my account" pẹ̀lú nọ́ńbà yín tó bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú +234. Tí wọ́n bá ti dá a dúró, ẹ ní ọgbọ̀n ọjọ́ láti padà sórí ẹ̀ kó tó pa rẹ́. Ẹ ní kí ẹnì kan kọ ọ́ sí gúrúùpù ẹbí àti ti ibi iṣẹ́ pé kẹ́nikẹ́ni má fowó ránṣẹ́ síbì kankan.

Tílẹ̀ bá mọ́, ẹ lọ ṣe àfidáfíì tàbí gba ìwé ọlọ́pàá, kẹ́ ẹ sì lọ sí ọ́fíìsì nẹ́tíwọọ̀kì yín fúnra yín pẹ̀lú NIN fún welcome back (kí wọ́n gbé nọ́ńbà yín sórí sím tuntun), wọ́n máa tẹ ìka yín. Ẹ má gbà á lọ́wọ́ àwọn tó jókòó sábẹ́ agboòrùn létí títì pé àwọn mọ ẹnì kan nínú ọ́fíìsì. Bí sím tuntun bá ti ń ṣiṣẹ́, WhatsApp ni kẹ́ ẹ kọ́kọ́ ṣí, torí tí olè bá tiẹ̀ ti wà lórí ẹ̀, kóòdù SMS tẹ́ ẹ bá tẹ̀ máa lé e jáde lójú ẹsẹ̀. Tó bá ti fi two-step pín tiẹ̀ sí i, ẹ máa dúró fún ọjọ́ méje kẹ́ ẹ tó wọlé, àmọ́ òun náà ti wà níta.

Lẹ́yìn náà ẹ tẹ *#21#. Èyí ń fi hàn yín bóyá wọ́n ti darí ìpè yín sí nọ́ńbà míì. Ọ̀dọ̀ nẹ́tíwọọ̀kì nìyẹn máa ń wà, kì í ṣe lórí sím, torí náà ẹ lè gba sím tuntun kí ìpè yín ṣì máa lọ sọ́dọ̀ olè, tí WhatsApp tàbí báǹkì bá sì fi ohùn ka kóòdù, òun ló máa gbọ́ ọ. ##002# máa pa gbogbo ẹ̀ rẹ́.

Tó bá jẹ́ iPhone, ẹ máa retí SMS kan tó máa wọlé sórí sím tuntun lẹ́yìn ọjọ́ díẹ̀: "iPhone rẹ ti di rírí, tẹ ibí láti wo ibi tó wà." Irọ́ ni. Páásíwọ́ọ̀dù Apple yín ni wọ́n ń wá, torí láìsí i, wọn ò rí fóònù yẹn tà bí fóònù. Bí wọ́n bá tiẹ̀ pè yín tí wọ́n ń halẹ̀, ẹ má yọ ọ́ kúrò lórí iCloud yín.

Tí owó bá ti lọ, tàbí wọ́n ti fi orúkọ yín yá owó

Ẹ kọ̀wé sí báǹkì, kí ẹ̀dà ẹ̀ wà lọ́wọ́ yín, email náà dáa. Ẹ̀sùn tẹ́ ẹ fẹnu sọ fún ọmọbìnrin tó wà níwájú káńtà ò sí níbì kankan. Tí ọ̀sẹ̀ méjì bá kọjá tí wọn ò yanjú ẹ̀, ẹ fi gbogbo ìwé náà ránṣẹ́ sí cpd@cbn.gov.ng, ọ̀dọ̀ Central Bank nìyẹn, wọ́n á kọ́kọ́ bi yín bóyá ẹ ti lọ sí báǹkì, ìdí tí mo fi ní kẹ́ ẹ tọ́jú ẹ̀dà nìyẹn.

Ti àwọn àápù ẹ̀yáwó ló ń ba èèyàn lọ́kàn jẹ́ jù, torí tí gbèsè tẹ́ ò jẹ bá dé, wọ́n á bẹ̀rẹ̀ sí í pe pásítọ̀ yín, ọ̀gá yín, àna yín. Kò bófin mu. Ní August 2021, NITDA, àjọ ìjọba tó ń bójú tó ìmọ̀ ẹ̀rọ, bu owó ìtanràn ₦10 mílíọ̀nù lé Soko Lending, iléeṣẹ́ àápù ẹ̀yáwó kan, lórí irú ẹ̀ gan-an. Láti May 2023, Google ti ní kí àápù ẹ̀yáwó má fọwọ́ kan contacts àti fọ́tò oníbàárà mọ́, torí náà èyí tó bá ṣì ń bèèrè "Allow contacts", pàápàá èyí tí wọ́n fi ránṣẹ́ sí yín bí APK (fáìlì àápù tí kò gba Play Store wá) lórí WhatsApp, ẹ mọ irú ẹni tẹ́ ẹ ń bá ṣe. Òfin Nigeria Data Protection Act, tó ń dáàbò bo ìsọfúnni aráàlú, ti jáde ní June 2023, ìtanràn ibẹ̀ fún iléeṣẹ́ ńlá lè tó ₦10 mílíọ̀nù tàbí ìdá méjì nínú ọgọ́rùn-ún owó tó ń wọlé fún wọn lọ́dún, èyí tó bá pọ̀ jù. Ní 2025, FCCPC, àjọ ìjọba tó ń gbèjà oníbàárà, náà gbé òfin tiwọn jáde fún àwọn tó ń yáni lówó lórí íntánẹ́ẹ̀tì, ìyẹn lè dé ₦100 mílíọ̀nù. Ẹ kọ̀wé sí NDPC, àjọ tó ń bójú tó òfin ìsọfúnni yẹn, lórí àṣírí tí wọ́n tú, ẹ kọ sí FCCPC lórí ìhàlẹ̀ àti gbèsè tí kì í ṣe tiyín, ẹ so screenshot àti ìwé ọlọ́pàá mọ́ ọn. Kì í yá, mi ò ní purọ́ fún yín. Àmọ́ tẹ́ ẹ bá fi ẹ̀dà lẹ́tà yẹn ránṣẹ́ sí àápù náà, ariwo ẹnu wọn sábà máa ń rọlẹ̀.

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ wà lókè òkun

Láìnì Nàìjíríà tẹ́ ẹ fi sílẹ̀ nítorí OTP báǹkì, ẹ ṣọ́ ọ. Òfin NCC ni pé láìnì tí kò bá ṣe nǹkan tó mówó wọlé fún nẹ́tíwọọ̀kì fún oṣù mẹ́fà, wọ́n lè ti í pa. Tó bá tún lo oṣù mẹ́fà míì bẹ́ẹ̀, wọ́n lè gbé e fún ẹlòmíràn. Ẹni tó bá rà á, ọwọ́ ẹ̀ ni alẹ́ẹ̀tì yín á máa wọlé sí, kì í ṣe olè rárá, ó kàn ra sím ní ọjà ni. Torí náà bó bá tó oṣù méjì mẹ́ta, ẹ fi sím yẹn pe èèyàn, tàbí ẹ fi í ránṣẹ́ SMS kan, gbígba OTP nìkan ò tó. Tó bá jẹ́ ọ̀dọ̀ àbúrò yín ní Ìbàdàn lẹ fi í sí, SIM PIN ṣì gbọ́dọ̀ wà lórí ẹ̀, kí àbúrò náà sì mọ ẹni tó máa pè tí fóònù tiẹ̀ bá sọnù.

Tẹ́ ẹ bá mọ̀ pé ẹ ò fẹ́ lò ó mọ́, ẹ má kàn jẹ́ kó kú fúnra ẹ̀. Ẹ kọ́kọ́ ní kí báǹkì yí nọ́ńbà tó wà lórí àkáǹtì àti BVN yín padà, ẹ lo Change number inú WhatsApp láti gbé àkáǹtì yín lọ sórí +44 tàbí +1, ẹ yọ ọ́ kúrò lórí Gmail àti Facebook. Ti BVN ló máa ń pẹ́ jù nínú wọn, òun ni kẹ́ ẹ fi bẹ̀rẹ̀.